Ìjà Tí Kò Ní Idà

Bí mo bá fi irọ́ kan ṣoṣo kún ọ̀rọ̀ yìí, kí òòlù tí mo fi ń jẹun já lé mi lọ́mọ ìka. Òótọ́ pọ́nńbélé ni, ojú mi ló ṣe.

Èmi káfíńtà kò jókòó lórí àga ilé ìwé gírámà rí, àfi èyí tí mo bá ń tún ṣe. Síbẹ̀, ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi kan ìṣó lẹ́yìn kíláàsì, kò sí ẹ̀kọ́ tó wọ etí àwọn ọmọ tí kò kọ́kọ́ wọ tèmi. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èmi ni mo lè sọ ìtàn Tíṣà Eré bó ṣe yẹ.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òwú ló fi so apá kan gíláàsì ojú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìbànújẹ́ àtijọ́, irú èyí tí àwọn ọba inú rẹ̀ máa ń fi ọwọ́ ara wọn fa ikú. Òun ni ọba, òun ni olorì, òun náà ni òkú. Á ṣubú lulẹ̀ gbì, á dìde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lára, á ní, "Ó yá, ta ló pa mí?"

Lọ́dún yẹn, ọ̀gá àgbà sọ fún un pé bí àwọn ọmọ bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ọjọ́ Ẹtì, òun á gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, á fi í sí yàrá ìwé kó máa nu eruku. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dà wọ́n láàmú. Tíṣà ní kí wọ́n wá ìjà tó wà nínú ìgbésí ayé ẹni inú eré. Àwọn ọmọ gbọ́ ìjà, wọ́n bá ń ka idà.

Ní Ọjọ́rú, mo ń kan ẹsẹ̀ àga lẹ́yìn kíláàsì, ìṣó mẹ́ta lẹ́nu mi. Lójú ìwé tí wọ́n ṣí, ọba kan ló dá jókòó, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀wọ̀n. Bó bá tú u sílẹ̀, adé á bọ́ lórí rẹ̀; bí kò bá tú u, àbúrò á kú.

"Ìjà wo ló wà níbí?" ni Tíṣà bi wọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Dilẹ̀. Ó ní, "Kò sí, mà. Ọba jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ bá jà, àga?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìṣó mì.

Bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé ọ̀gá àgbà wọlé, ó fi àpò ìwé kan lé Tíṣà lọ́wọ́, ó ní ìbéèrè ìdánwò ni, kó fi pamọ́ di ọjọ́ Ẹtì, kó má ṣí i. Gọ́ọ̀mù ẹnu àpò náà ò sì mú.

Akọ̀wé jáde. Ọwọ́ Tíṣà lọ sí ẹnu àpò náà, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Òógùn mú kí gíláàsì rẹ̀ yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Mo wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ àgbà, gbogbo fèrèsé mì.

Ẹnu-Ò-Dilẹ̀ dìde. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé ọkàn yín ń ṣe méjì ni?"

Tíṣà ti gíláàsì rẹ̀ padà sókè. "Ó ń ṣe méjì. Ọ̀kan ní kí n ṣí i, torí mi ò fẹ́ fi yín sílẹ̀. Èkejì ní bí mo bá ṣí i, kí ni mo wá ń kọ́ yín?"

"Ara yín lẹ ń bá jà yẹn!" Ọmọ náà gbá ìwé rẹ̀ mú. "Háà! Ọba yìí náà nìyí! Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni àpò ìwé tiẹ̀!"

Tíṣà na àpò náà sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà fún ọ̀gá àgbà. Ẹ ní ọ̀dọ̀ wọn ni kó wà."

Mo gbé e lọ, mi ò yọjú wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ìjà ọba oníkọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni ìdánwò bi wọ́n; méjìlélógójì nínú ọmọ mẹ́tàlélógójì ló kọ ọ́ pé ọkàn ọba ń ṣe méjì. Ẹnì kan tó kù ṣì ń wá idà. Ọ̀gá àgbà ò dárúkọ yàrá ìwé mọ́, Tíṣà sì kọ́ni níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó bá rò pé mo ń pọ́n ara mi lé, kó lọ bi Ẹnu-Ò-Dilẹ̀. Ó wà láàyè, kíláàsì yẹn gan-an ló ti ń kọ́ni báyìí. Á jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀, àfi ti ikọ́ mi. Ó ní òun ò gbọ́ ikọ́ kankan. Ariwo òòlù ni kò jẹ́ kó gbọ́.