Òǹkà Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́nu Ìkòkò Aró

Ẹni tó bá pàdé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òwu, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni àmì aró tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Kò sí ọṣẹ tó fọ̀ ọ́ kúrò rí. Èmi àbúrò rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò sì rántí ọjọ́ tí àmì náà kò sí níbẹ̀.

Aláró ni. Ìyá wa ló kọ́ ọ, nígbà tí kò sí aago nílé wa. Bí aṣọ bá ti wọ inú ìkòkò, ìyá wa á fi ìka méjì sábẹ́ àgbọ̀n, níbi tí iṣan ti ń lù kì, kì, kì, á wá máa kà. Tó bá pé igba, á fa aṣọ yọ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún rì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe títí di òní. Aago wà lára ògiri, fóònù wà lápò, ọrùn ló ṣì fi ń kà.

Lọ́dún kan tí kò tíì jìnnà, aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kọ tó fi ń ya ilà sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀ ń rọ̀ nínú ìkòkò, ilà funfun wá ń ṣe bàìbàì. Ó gbọ̀nà Owódé lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, fún un.

"Kí lo pò mọ́ èlú yìí?"

"Èlú tí ìyá mi tà fún ìyá rẹ náà ni. Lọ yẹ ojú rẹ wò."

Bí ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ṣe tú ká nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń bu omi la aró, ìròyìn rẹ̀ sì dé Owódé.

Lẹ́yìn náà ni òòyì dé. Á jókòó, ojú rẹ̀ á kàn lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Mo ní òórùn aró ni, kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lábẹ́ òrùlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ibi tí ọgbọ́n mi mọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀. A gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà tó rí wa, mi ò rò pé ó pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó ń wo aago, ó ń kà. Ìgbà náà ló rí àmì aró.

"Màmá, kí ló ṣe yín lọ́rùn?"

"Iṣẹ́ ni."

Ẹlòmíràn ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé, ó sì rojọ́ èlú Owódé mọ́ ọn. Dókítà ní kí n lọ kó àwọn aṣọ náà wá. Mo rò pé ó fẹ́ rà ni.

Mo tẹ́ mẹ́rin sórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ti àkọ́kọ́ mọ́ bí ojú sánmà, ti ìkẹyìn dú bí ìdí ìkòkò. Dókítà gbé bébà tí ẹ̀rọ ya bí ọkàn ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń lù sí kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Màmá, èlú ò ṣẹ̀. Igba yín ló ti gùn. Níbi tí ó yẹ kí ọkàn yín lù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lù. Ìdí tí aṣọ fi ń pẹ́ nínú aró nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo aṣọ, kò wo bébà. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó mọ ọ̀rọ̀ í gbọ́ bí ọmọ yẹn.

Ó ní ọkàn ní iyàrá òkè àti iyàrá ìsàlẹ̀. Iná kékeré kan ló ń bẹ̀rẹ̀ lókè bí ẹni ń lé orin. Á gba ọ̀nà tóóró sọ̀ kalẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì gbè é. Ọ̀nà yẹn ló ti bàjẹ́. Òkè ń lé, ìsàlẹ̀ ò gbọ́, ó wá ń kọ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sinmi pẹ́, òòyì á dé. Ọjọ́ tí kò bá kọ mọ́, ó parí. Kò sí oògùn mímu tó lè tún ọ̀nà náà ṣe, àfi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní pésímékà, tí wọ́n máa fi sábẹ́ awọ àyà, tí wáyà rẹ̀ á wọnú ọkàn.

"Mi ò ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Òǹkà ìyá mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá wá ń lù láyà mi, òǹkà ta ni màá máa fi pa aṣọ láró?"

Inú bí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé aṣọ la fẹ́ gbà là ni àbí ẹ̀mí yín?"

"Tíṣà, dákẹ́. Ìwọ tí o ní kí wọ́n gbé ìkòkò síta."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí àwọn òkè kéékèèké lórí bébà. "Iyàrá òkè yín ṣì ń lé orin rẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó. Ẹ̀rọ yìí ò ní lé orin mìíràn. Ohùn tó bá ti òkè wá ni yóò máa gbé dé ìsàlẹ̀. Òǹkà yín náà ni."

"Ṣé òótọ́ ni, àbí o fẹ́ kí n gbà ni?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ padà sẹ́nu aró, màá wá wò ó."

Bó ṣe gbà nìyẹn. Ìbàdàn ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ náà sí i. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ibi tí wọ́n gé nìkan ni wọ́n pa kú. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn ò jẹ́ kó gbé apá òsì sókè.

Ọjọ́ tó padà sẹ́nu aró, ọmọ náà wá lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rì aṣọ, ó fi ìka méjì sábẹ́ àgbọ̀n, ètè rẹ̀ ń mì. Èmi ń yọ́ wo aago ògiri.

"Igba."

Aṣọ jáde bí ewé tútù, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di aró. Nígbà tó rì í tó iye ìgbà tó yẹ, tó sì gbẹ, a tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó mọ́ bí ojú sánmà. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tuntun nínú méjèèjì. Dókítà náà ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ká a, ó ní kí n sin òun lọ sí Owódé. Bó ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn dì í mú.

"Kì í ṣe èlú rẹ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àyà mi ló lọ́ra."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba aṣọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ kan àmì abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Jókòó," ló wí. "Mo ti dárí jì ọ́. Omi tí o bu la èlú mi nìkan ni mi ò ní gbàgbé."