Ara Le, A Dúpẹ́

"Bàbá, kí ni Kọ́púrà ní tí ẹ fi ń jowú wọn?"

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ṣì wà nígbà tó béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Sájẹ́ńtì, bàbá ìyá rẹ̀. Sájẹ́ńtì dúró lójú fèrèsé, ó ń wo Kọ́púrà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ológun. Kọ́púrà ń tiro kọjá, ó ń ké "yéè", àwọn aládùúgbò sì ń sáré gbé àga jáde fún un.

Ìjọba ti ń san owó ìfarapa fún Kọ́púrà nítorí orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní kò tọ́ sí Sájẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ orúnkún tiẹ̀ wú, ó sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìkíni lásán ló kó bá a. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, dókítà ní, "Bàbá, ara ńkọ́?" Sájẹ́ńtì nà ró ṣánṣán, ó ní, "Ara le, a dúpẹ́." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le.

Ìyàwó rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí wọ́n bá tún lé e padà, kò ní rí owó fi ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún rẹ̀. Ìyàwó yìí náà ló lọ bẹ Kọ́púrà kó wá jẹ́rìí, ìyẹn sì ká Sájẹ́ńtì lára gan-an.

Bí Kọ́púrà ṣe wọ yàrá ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ló ti ń ké yéè. Alága fúnra rẹ̀ fa àga fún un, akọ̀wé bu omi wá. Kò sẹ́ni tó wo Sájẹ́ńtì tó dúró bí òpó. Nígbà tó yá, alága yíjú sí i.

"Bàbá, ara ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ ọmọ ọmọ wọn mú pinpin.

"Ara le, a…"

"Yéè, orúnkún mi," ni Kọ́púrà ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Owú ru sókè lọ́kàn Sájẹ́ńtì.

"Ta ló ni ẹjọ́ gan-an? Kọ́púrà yìí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́ gun òkè, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa dojú dé. Orúnkún tí mo fi gbé e ló bàjẹ́ yìí. Mi ò lè kúnlẹ̀, mi ò lè gun àtẹ̀gùn. Ó ń dùn mí, sà. Ó ń dùn mí ju tiẹ̀ lọ."

Kọ́púrà gbé ife omi kúrò lẹ́nu. "Òótọ́ ni, sà. Mo wúwo nígbà yẹn."

Wọ́n yí ìdájọ́ padà.

Ọmọbìnrin náà ti ń múra ìdánwò àṣejáde girama lọ́jọ́ tí Sájẹ́ńtì tún dúró lójú fèrèsé, lórí orúnkún tí wọ́n ti tún ṣe. Kọ́púrà ń kọjá lọ, ariwo rẹ̀ kò dín.

"Ẹnu ló ní, ọmọ mi," ni Sájẹ́ńtì fi dáhùn ìbéèrè àtijọ́ yẹn, láìwẹ̀yìn. "Bó bá dùn ún, á ní ó dun òun."