Yìnyín Orí Òrùlé Tí A Kò Gbọdọ̀ Gùn

Bàbá onílé wa ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé àjà yóò wó lu ìyá mi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan sí i.

Òórùn ilé yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: ìgbẹ́ àdán, ewé tó ti rà, aláǹgbá tó kú sínú omi tí kò rí ibi gbà lọ. Òkè ló ti ń wá. Mo kàwé gboyè, mo ń jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba, mo sì ń di imú jẹun. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ìdajì owó oṣù ni wọ́n ń san, tí wọ́n bá tilẹ̀ san án, ibi tí agbára mi ká náà nìyẹn. Màmá mi, tí àrùn ẹ̀gbà ti mú ní apá kan ara, ni mo gbé wá láti Oǹdó kó lè wà nítòsí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú ti ń mira díẹ̀díẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òrùlé náà, torí ibẹ̀ ni ìwà ìkà ọ̀hún wà. Páànù ilé náà ti dógùn-ún tipẹ́. Dípò kí bàbá onílé pààrọ̀ rẹ̀, ó mọ ògiri kékeré yí etí òrùlé ká, ó kùn ún ní funfun, kí ará ìta lè rò pé dẹ́kìn, òrùlé oníkọnkéré, ló dà. Ẹ̀yìn ògiri yìí ni omi òjò ń kóra jọ sí, páìpù kan ṣoṣo ló sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Igi fúrúùtù ẹ̀gbẹ́ ilé ń gbọn ewé sí i ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Ẹni tó bá lójú mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kó ewé yẹn kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Mo lọ bá bàbá níbi tó ti ń rin pákò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa ayálégbé fẹ́ wá ọkùnrin kan tó máa gun òkè lọ kó ewé, kí àjà má baà wó lu ìyá mi."

"Kí ọkùnrin gun orí ilé mi? Balùwẹ̀ ìyàwó mi ò ní òrùlé. Kí ló fẹ́ wò?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi gùn ún nígbà náà, sà. Obìnrin ni mí."

Ó tutọ́ pákò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Obìnrin wo ló ń dúró lé ọkùnrin lórí? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn?"

Ọkùnrin ò gbọdọ̀ gùn ún, obìnrin ò gbọdọ̀ gùn ún. Bóyá àwọn àdán ni kó gbálẹ̀ ibẹ̀.

Mo gba ọ́fíìsì wolé-wolé lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá. Ó ṣí ìkòkò omi wa wò, ó yẹ ṣáláńgá wò, ó bá mi wí nítorí abọ́ tí n kò tíì fọ̀. Mo nàka sókè hàn án. "Màdáámù, ilẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa mọ," ló wí, ó sì bá bàbá wọlé lọ jẹ iyán. Wolé-wolé ni wọ́n ń pè é o, ìsàlẹ̀ ilé nìkan ló ń wò.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, pẹ̀lú yìnyín tó tóbi bí ẹ̀kùrọ́. Inú wa dùn. Ẹ̀yin náà ti ṣà á rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: a gbé bàsíà jáde, à ń ṣa yìnyín, à ń hó bí ọmọdé. Mo mú ọ̀kan wọlé fún Màmá. Ó fi í sẹ́nu, ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó tutù dé ọpọlọ," ló wí. Mo padà síta lọ ṣa sí i. Lókè, yìnyín ń kóra jọ lẹ́yìn ògiri funfun, ó jókòó lórí ewé, ó dí ẹnu páìpù pa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, omi kò rí ìsàlẹ̀ lọ; ó gba abẹ́ páànù wọ inú àjà.

Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́ níta tí mo fi sáré wọlé. Àjà ti já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Omi dúdú, ìdin, ìgbẹ́ àdán tó rí bí àádùn tó ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ wà lójú àti lẹ́nu ìyá tó bí mi, ọwọ́ rẹ̀ kan kò sì tó láti nù ún. Ìka mi ni mo fi yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀. Títí dòní, mi ò lè jẹ àádùn.

Bàbá onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di imú. "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ta ló lè bá yìnyín jà?"

Màmá wò ó. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọlọ́run kọ́ ló mọ ògiri," ló wí. Ó yíjú sí mi. "Gbé mi lọ sílé."

Mo gbé e padà sí Oǹdó, ó jìnnà sí ilé ìwòsàn, ó sì ń wúkọ́ lọ láti ọjọ́ tí omi yẹn ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ tó ti ń mira kò mira mọ́. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, a ti sin ín.

Wọ́n máa ń sọ pé ìnira ọdún wọ̀nyẹn ló pa àwọn èèyàn wa. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mi ò sọ ọ́ mọ́. Ìlú le fún gbogbo wa, lóòótọ́, àmọ́ ewé kíkó kò lówó nínú. Ẹni tó ní "ẹ má gùn ún" ló wà nídìí ikú Màmá, àti ẹni tí ìjọba ń san owó fún pé kó wò, tí kò wò.

Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gba owó ilé báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti tún ògiri yẹn kùn, aṣọ ìkókó sì wà lórí okùn lẹ́yìn yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọmọ onílé, ẹ̀yin wolé-wolé, mo ń béèrè, mo sì ń retí ìdáhùn: ta ló ti gun òrùlé yẹn lọ́dún yìí?