Orúkọ Mẹ́ta, Ọmọ Kan

Ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ wa ní àdúgbò Deïdo, ní ìlú Douala níbí, èmi sọ ọ́ lórúkọ, ìyàwó mi sọ tirẹ̀, ìyá mi náà sọ tiwọn lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́. Tèmi ló wà nínú ìwé ìbí, ti ìyàwó mi wà nínú ìwé ìrìbọmi, ti ìyá mi la fi kọ ọ́ sílé ìwé nígbà tó dàgbà. Nígbà tí a fẹ́ gba ìwé ìgbélùú fún un, akọ̀wé tó rí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọmọ mẹ́ta ni mo ní, kí n mú méjì yòókù wá. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo fìbínú jáde.

Mo tọ lọ́yà kan lọ ládùúgbò wa, obìnrin tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kó dá tèmi nìkan sí, kó pa méjì yòókù rẹ́. Ó béèrè ẹni tó sọ wọ́n. Mo ní ìyàwó mi àti ìyá mi ni. Ó ní a ò ní pa nǹkan kan rẹ́. Ó bá wa dé ilé ẹjọ́, adájọ́ sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìwé kan.

Ìyá mi ti kú báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà obìnrin yẹn, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, tí kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ mi rẹ́.