Pléyà Tí Mo Rà Nítorí Ohùn Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí pléyà fídíò kékeré kan fi ojú mi rí ní Thamesmead níbí, ní London, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, "Ráfíà tún ti gbé tiẹ̀ dé!" Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ ná.

Ṣé ẹ mọ̀ pé títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ni bàbá mi fi tọ́ wa? Yemẹtu ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, n'Ìbàdàn. Kò ju yàrá kan lọ, tẹlifíṣọ̀n sì kún un dé òrùlé: èyí tó ní ilẹ̀kùn onípákó, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì, èyí tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òórùn òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ni òórùn ilé wa. Títí di òní, bí irú òórùn yẹn bá ta sí mi nímú, dípò kí n sá, inú mi á máa dùn!

Dígí ńlá kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bí Bàbá bá ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wà, kò sì lè rí àwòrán tó wà níwájú. Nítorí náà, á gbé dígí náà dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú wáyà, ojú rẹ̀ á wà nínú dígí.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àìsàn kan dá màmá mi gúnlẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà fi máa lọ, ó ti gba etí rẹ̀ lọ. Màmá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi kó máa wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá ò jókòó ti ẹkún o. Ó gbé àpótí kan fún un sẹ́yìn ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ nínú dígí! Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu àwàdà. Màmá á wo ẹnu rẹ̀ nínú dígí, á sì fún un lésì. Àwọn oníbàárà á bá ọkùnrin kan tó ń bá dígí rojọ́, ìyàwó rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan rò pé orí àwọn méjèèjì ti yí! Háà, ayé ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá ní kí n padà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn fún wákàtí kan péré, màá lọ.

Mo wá sí London, ọdún sì ń gorí ọdún. Bàbá pé ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ó ní òun ò fẹ́ ariwo, kí wọ́n ṣáà pe àwọn àlùfáà àtàwọn aládùúgbò síwájú ilé, kí wọ́n ṣàdúrà. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ àfi èmi. Mo sọ fún wọn pé wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́.

Irọ́ ni. Ìwé ìgbélùú mi ló wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Bàbá jà, n kò sì fẹ́ kó máa fi ọ̀rọ̀ mi ronú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn àdúrà yẹn, Bàbá kú. N kò tún lè lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Brother Múfú, ò jẹ́ kí n gbàgbé. Gbogbo ọdún Iléyá tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní, "Ráfíà, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kó o wá kí Bàbá yẹn, ṣé wọ́n ti fi ẹ́ ṣe ọ̀gá níbẹ̀ báyìí?" Nígbà tí ìwé mi fi jáde, irọ́ náà ti dàgbà, ojú ń tì mí láti tú u.

Ẹnì kan ya fídíò àdúrà ọjọ́ náà, Brother Múfú sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Bàbá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú iná lọ lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lẹ́bàá kámẹ́rà. Gbàààà! Ohun tí mo ń gbọ́ nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ gan-an ò gbọ́ tó nǹkan. Brother Múfú ní ohun kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni pé Bàbá dárúkọ mi, ojú rẹ̀ sì le nígbà tó ń dárúkọ mi.

Ojú rẹ̀ le! Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn tí mo fi gbé e jí. Kí ni Bàbá mi sọ nípa mi? Ṣé ó bínú sí mi lọ ni?

Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ọdún méjì. Ṣé mo fi fídíò náà hàn wọ́n? Ẹ̀ẹ̀kan péré, lórí fóònù. Wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà, wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n ní, "Mo rí fìlà ẹ̀." Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà, wọn ò rí ẹnu rẹ̀. Mo gba fóònù mi padà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ohùn ni ọ̀rọ̀ yìí, Màmá ò sì kúkú gbọ́ràn.

Lóṣù tó kọjá, Brother Múfú rí ẹni tó ya fídíò náà. Ojúlówó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, HD gidi, ó tóbi gan-an. Wọ́n dà á sínú fláṣì, wọ́n sì fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ ní London. Ẹ ò rí bí inú mi ti dùn tó! Mo gbà pé ohùn Bàbá á jáde ketekete nínú ojúlówó. Mo ki fláṣì bọ tẹlifíṣọ̀n mi, tẹlifíṣọ̀n ní òun ò mọ irú fáìlì yẹn. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, àwòrán ń ta gìrì bí ẹni tó ní òsúkè.

Bí mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́ nítòsí Plumstead Common, ọ̀dọ̀ Uncle Gàní ni mo gbà lọ, ọmọ Èkó kan tó ń ta fóònù àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní pléyà tó lè gbé fídíò HD ni mo fẹ́. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Auntie mi, this one ni gbogbo èèyàn mọ́sálásí ń rà! Channel Naija full inú ẹ̀, football, everything!" Ṣé mo béèrè bọ́ọ̀lù ni? Ṣùgbọ́n nǹkan náà ń dán, mo bá rà á.

Mo délé, channel bí ẹgbẹ̀rún ló yọ sí mi, ṣùgbọ́n fláṣì mi, kò rí i rárá. Mo pe Uncle Gàní. Wọ́n ní, "Ah, Auntie, that one na for streaming o, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Kì í ka file ńlá." Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ fún mi!

Ẹ̀rín pa mí, nítorí mo mọ ohun tí Bàbá ì bá sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra àlòkù ẹ̀rọ fídíò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ní kí ó kọ́kọ́ lọ gbé kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wá: "Tìẹ gan-an la máa fi dán an wò." Lẹ́yìn náà, á yí ẹ̀rọ náà padà, á ní, "Iwájú ń tan èèyàn jẹ, ẹ̀yìn ni kó o wò." Èmi ọmọ rẹ̀ wá lọ ra pléyà láì yí i padà!

Ọjọ́ tí mo tún ní ìsinmi, mo mú fláṣì àti pléyà náà dání, mo padà lọ. Mo yí èyí tó ń dán yẹn padà níwájú Uncle Gàní: ihò fíntínní kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ fún fláṣì. Wọ́n gbé òmíràn wá. Ìyẹn ṣí fáìlì náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dá a sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, ó di kí gbogbo rẹ̀ dákú. Mo ní ṣé kò sí òmíràn ni? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ káúńtà, wọ́n fa dúdú kékeré kan jáde, eruku bò ó. Ojú tiẹ̀ ń tì wọ́n. "Auntie, nobody dey buy this one again. Kò ní channel kankan, file nìkan ló ń play." Mo ní ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn!

A ki fláṣì bọ̀ ọ́. Ẹ ẹ̀ rí àwòrán, ó ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Mo dá a sẹ́yìn, ó lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó jẹ́ mi lóhùn. Bí ojú Bàbá ṣe kún ojú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, n kò fẹ́ wò ó níbí. Uncle Gàní béèrè ẹni tí ìyẹn jẹ́, mo ní bàbá mi tó ti lọ ni. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́, wọ́n fi dúdú yẹn pààrọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọ̀sán ni mo délé. Màmá ń kírun lọ́wọ́ nínú yàrá. Mo so wáyà, mo gbé ohùn sókè pátápátá, mo jókòó sílẹ̀.

Ẹ gbà mí! Ṣé ẹ mọ ohun tí mo gbọ́? Jẹnẹrétọ̀! Jẹnẹrétọ̀ náà ti wá di HD! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣe ń mì. Ohùn Bàbá ńkọ́? Kò sí. Mo da orí délẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín Màmá ni, irú èyí tí mo ti gbọ́ kẹ́yìn ní Yemẹtu! Mo yíjú. Wọ́n dúró pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ojú wọn ò kúrò lára ẹnu Bàbá nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo fa aṣọ wọn kí wọ́n lè wo ẹnu mi, mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Bàbá ẹ ni! Ó ní kí wọ́n lọ pa ẹ̀rọ burúkú yẹn, òun ò gbọ́ ohùn ara òun!"

Mo yára dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Màmá jókòó tì mí nílẹ̀, wọ́n súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń ka ẹnu ọkọ wọn fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka wàláà. Bí wọ́n bá ní, "Dá a padà," màá dá a padà. Níbì kan, Bàbá fi áńkáṣíìfù nu ẹnu, Màmá ní, "Ìyẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó dùn mí, ṣùgbọ́n a kọjá.

A dé ibi tí ojú Bàbá ti le.

"Ó ní, 'Ráfíà ò sí níbí. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kóun wá. Irọ́ ló ń pa fún mi.'"

Màmá yíjú wò mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kà á lọ.

"'Ọmọ tó bá purọ́ torí kí bàbá ẹ̀ má baà ronú, èmi ò lè pè é lọ́mọ burúkú. Ohun yòówù kó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má bi í. Ẹni tó bá bi í, èmi ló bi.'"

Gbogbo àwọn tó jókòó gbé ọwọ́ sókè pé, "Àmín!" Ìyẹn ò tiẹ̀ gba ẹni tó ń wo ẹnu. Ta ló sì wà níwájú, tó gbé ọwọ́ méjèèjì, tó fi pa ojú, tí Àmín tiẹ̀ lágbára jù? Brother Múfú!

Mo yíjú sí Màmá, mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ni lóòótọ́, pé àwọn náà ti ń bínú sí mi díẹ̀ lọ́kàn. Wọ́n gbé orí mi lé itan wọn. A pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a pe Brother Múfú lórí fídíò, Màmá fúnra wọn ló ròyìn fún wọn. Brother Múfú ní kí Màmá tún un sọ. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, "Àbúrò mi, foríjì mí. Èmi tí mo ṣe àmín sí i." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọn ò sọ irú ẹ̀ fún mi rí! Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tó fa irọ́ náà. Wọ́n la ẹnu, wọ́n sì gbé ìbéèrè náà mì.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò fi tẹlifíṣọ̀n mi sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ka ẹnu gbogbo èrò ọjọ́ náà tán! Wọ́n mọ aládùúgbò tó ní ìrẹsì wa ò jinná, wọ́n sì ní bí àwọn bá délé, obìnrin náà á ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra pléyà, ẹ mú fáìlì tiyín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù. Ọdún méjì gbáko ni ẹni tó lè dá mi lóhùn fi jókòó sínú ilé mi, tó ń bá mi jẹun, èmi sì ti pinnu fún un pé kò sí ohun tó máa rí níbẹ̀.

Ta ló wà nílé tiyín tí ẹ ń sọ pé "kò kúkú gbọ́," tàbí "kò kúkú mọ̀"? Ẹ pè é wá jókòó lónìí. Kí lẹ bi í, kí ló sì sọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà sí Màmá létí... ẹ dárí jì mí, sí Màmá lójú!