Jíà Tó Le àti Orúnkún Bàbá Dírẹ́bà

Ọdún 1987 ni mo gba fúríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìwó, tí mo kó sípánà mi wá sí Mówè. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, torí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ò ti gún, ẹ bá mi fara mọ́ ọn. Mo háyà yàrá kan ní Ìbàfò, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Mówè lábẹ́ igi máńgòrò kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé.

Alhaja kan ló ni ilé tí wọ́n ń kọ́ yẹn. Ìfọ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù. Bó bá fẹ́ wá wo ilé rẹ̀, dírẹ́bà rẹ̀ ló máa ń gbé e wá. Bàbá kan báyìí ni, irun etí rẹ̀ ti funfun, ó sì ti wa tírélà rí kó tó wá gba iṣẹ́ mọ́tò kékeré. Àwọn kápẹ́ńtà tó wà níbi ilé náà ń pè é ní Bàbá Dírẹ́bà, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò Alhaja mọ́ ju yàrá mi lọ. Nígbà tó dé láti Mẹ́kà, ó ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí gbogbo inú rẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá máa wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà síta bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Bàbá Dírẹ́bà gan-an, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wà á; inú búùtù ló ń kó sálúbàtà rẹ̀ sí. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí àwọn tó ní mọ́tò tó dáa ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Bàbá Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló wá bá mi pé jíà ń le.

"Ọmọ mi, wá bá mi wo nǹkan yìí. Bí mo bá fẹ́ fi í sí wọ́ọ̀nù, àfi kí n bá a jà. Rìfáàsì ńkọ́? Ìyẹn ń ké bí ewúrẹ́."

"Látìgbà wo ni, Bàbá?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ara mi ni. Orúnkún òsì yìí ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà òjò."

Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi ni pé kí n kọ́kọ́ jókòó sáyè dírẹ́bà, kí n fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n mo wo aṣọ ara mi, ọ́ìlì ni látọrùn dé ẹsẹ̀. Mo wo kápẹ́ẹ̀tì pupa yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ máa bá mi tẹ̀ ẹ́." Èmi sì wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

Mo ní kó pa ẹ́ńjìnnì, kó yí jíà. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ìka tó wọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Mo ní kó tan mọ́tò padà, kó tún yí i. Ó kọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé jíà fúnra rẹ̀ ò ṣàìsàn. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni láti yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè ráyè yí i. Bí kò bá yọ tán, inú irin tó ń yí lọ́wọ́ lẹ ń fipá ki irin mìíràn bọ̀, jíà á sì máa le.

"Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ó délẹ̀?"

"Ó délẹ̀. Ibi tó dé nìyí."

Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo ń rí irin tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n kò rìn tó bó ṣe yẹ. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì jíà. Mo fa atẹ́gùn jáde nínú ọ̀nà ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí kò yí padà, mo sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, àwọn kápẹ́ńtà ló bá mi gbé e, mo fi páléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i. Alhaja ra gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Jíà ṣì ń le.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaja wá dúró lábẹ́ igi máńgòrò mi. Àwọn kápẹ́ńtà wà lórí òrùlé, wọ́n ti dá òòlù dúró kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Mẹkáníìkì, kò sóhun tí o ní kí n rà tí mi ò rà. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé mọ́tò ni àbí èèyàn ni?"

Bàbá Dírẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ń wo ẹnu mi. Mo mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Bí mo bá ní mọ́tò ni, a jẹ́ pé èmi ni mi ò mọṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò, mi ò sì ní oníbàárà mìíràn tó dà bí Alhaja. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo gbà lóòótọ́ pé orúnkún bàbá náà ni kò jẹ́ kó lè tẹ̀ ẹ́ dópin. Gbogbo ohun tí mo rí lábẹ́ mọ́tò ló tọ́ka sí ẹsẹ̀.

Mo ní, "Alhaja, mọ́tò ò ní nǹkan mọ́."

Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaja ló parí rẹ̀. Ó kọjú sí Bàbá Dírẹ́bà, ó sọ ọ́ sókè tó fi jẹ́ pé gbogbo àwọn tó wà lórí òrùlé ló gbọ́: "Ẹ gbọ́ ohun tó wí o. Orúnkún yín ò gba kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ fẹ́ pa mí sí títì ni."

Ọ̀kan nínú àwọn kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín látòkè. "Bàbá, ẹ lọ máa gun kẹ̀kẹ́!"

"Kẹ̀kẹ́ ò wá fẹ́ orúnkún ni?" èkejì dá a lóhùn.

Bàbá Dírẹ́bà gbé Alhaja délé ní Ìfọ̀, Alhaja gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Ibogun.

Ọmọ àbúrò Alhaja tó ń gbé ní Òkè-Àró ló gba iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó taagun ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí òpó iná. Kò pẹ́ rárá tí òun nìkan fi gbé mọ́tò náà wá bá mi, ó ń nu òógùn ojú.

"Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, jíà yìí fẹ́ yọ apá mi dànù. Kí lẹ wá tún ṣe gan-an?"

Mo ní, "Ṣé orúnkún ò dùn ẹ́?"

"Orúnkún ta ni? Èmi tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀! Ẹ wọlé, kí ẹ wà á fúnra yín."

"Ọ́ìlì wà láṣọ mi."

"Ta ni Alhaja níbí?" Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí síìtì. "Ó yá, Kọmíṣọ́nnà, ẹ jókòó."

Mo bọ́ bàtà bó ti wù kó rí. Mo jókòó, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó sì dúró lórí nǹkan tó rọ̀. Ilẹ̀ mọ́tò kì í rọ̀. Mo ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo rí fóòmù lábẹ́ rẹ̀, ó nípọn bí ìka mẹ́ta tí wọ́n tò léra. Ẹni tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà fẹ́ kí ara tu Alhaja lẹ́yìn mọ́tò níbi tó ń jókòó sí, ó sì fi irú fóòmù kan náà tẹ́ iwájú, títí dé abẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí Bàbá Dírẹ́bà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó ń délẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀ ló ti ga.

Mo fa fóòmù ibẹ̀ yọ, mo tan mọ́tò. Wọ́ọ̀nù wọlé. Tú wọlé. Rìfáàsì ò dún rárá.

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Fóòmù! Ẹ tú odindi jíàbọ́ọ̀sì nítorí fóòmù!"

Èmi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo ti bi bàbá náà bóyá ó délẹ̀, ó sì dá mi lóhùn.

Mo bẹ ọmọkùnrin náà pé kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Alhaja. Ó ní òun á sọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó yé mi pé kò ní sọ ọ́: ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ níbi iṣẹ́? Èmi náà sì ń fi òní dọ́la. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mi ò wá lè jẹun dáadáa mọ́ ni mo fọ aṣọ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì.

"Dìde, dìde, eruku pọ̀ níbẹ̀," Alhaja ní. "Ṣé ilé mi ló wó ni?"

"Rárá, Alhaja. Ọ̀rọ̀ Bàbá Dírẹ́bà ni. Kì í ṣe orúnkún. Fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yín ni."

"Kápẹ́ẹ̀tì mi?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ja tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo parí ló bi mí léèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti Mówè:

"Kí ló dé tí o ò fẹsẹ̀ ara ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Aṣọ mi dọ̀tí, Alhaja. Bí ẹ ò bá gba bàtà níbẹ̀, mo ní ẹ ò ní gba ọ́ìlì."

Ó wò mí títí. "Áà. O ń bọ̀wọ̀ fún kápẹ́ẹ̀tì." Àwọn tó ń bá a ru sìmẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Lọ pè é wá. Ìwọ lo máa lọ."

Mo bá Bàbá Dírẹ́bà níwájú ilé àna rẹ̀, ó ń yin àgbàdo sínú abọ́. Òrí ń dán lórí orúnkún rẹ̀.

"Mẹkáníìkì! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Bàbá."

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó gbé àgbàdo sílẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ òsì, ó ká a, ó tún nà án.

"Ṣé o mọ̀ pé mo ti gbà pé orúnkún mi ni? Ìyàwó mi ń fi òrí pa á láràárọ̀. Mo ti ń sọ fún wọn nínú ilé pé ọwọ́ mi ò tún ní kan sítíárì mọ́ láyé."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mo sọ fún ẹ pé ó délẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́."

Ó tún mú àgbàdo rẹ̀. "Ó dáa. Màá wá. Ṣùgbọ́n níbi tí Alhaja ti sọ̀rọ̀ sí orúnkún mi, ibẹ̀ náà ni kó ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Àwọn kápẹ́ńtà yẹn ni mo fẹ́ kó gbọ́."

Mo rò pé Alhaja ò ní gbà. Ó gbà. Ó wá sí Mówè, ó pe gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ látorí òrùlé, Bàbá Dírẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o. Orúnkún ọkùnrin yìí ò ṣe nǹkan kan. Kápẹ́ẹ̀tì mi ló dí i lọ́nà, èmi ni mo sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ níwájú yín. Bàbá, ẹ má bínú."

Kápẹ́ńtà tó sọ ti kẹ̀kẹ́ ń họ orí. "Bàbá, eré ni mo ṣe o."

"Mo mọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà darúgbó," ni Bàbá dá a lóhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ó dé fìlà rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ọmọ àbúrò Alhaja lọ ń ta páànù ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì pẹ́ kó tó tún máa kí mi.

Láti ìgbà náà, bí Bàbá Dírẹ́bà bá ń kọjá ní Mówè, á fọn fèrè mọ́tò fún mi, á pariwo, "Mẹkáníìkì!" Èmi náà á juwọ́. Ṣùgbọ́n kò gbé mọ́tò náà wá fún mi mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń lọ sílé ní Ìbàfò, mo rí mọ́tò Alhaja lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn níbẹ̀, wọ́n fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ sókè, búrékì ni wọ́n ń ṣe. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo kí i, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò bi í ní ohunkóhun. Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní gbé e fún ara mi náà. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í, a sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀, mo sì dìde, mo ń lọ sílé.