Nọ́ńbà Ọkọ̀ Tí Mo Kọ Sílẹ̀ ní Kejetia

Ní ọdún tí ìjọba kéde pé òun yóò san lára owó ọkọ̀ oníbátìrì fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, oṣù márùn-ún ló kù kí ọkọ̀ tí ọkọ mi ń wà di tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì Kejetia lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà.

Bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ tròtrò, ọkọ̀ akérò wa, ṣe ń ṣe ni Mùtíù, ọkọ mi, ń ṣe. Ó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó sì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Títí yóò fi san tán, orúkọ ọlọ́kọ̀ ló wà nínú ìwé. Ìjọba ní ẹni tí ìwé ọkọ̀ bá wà lórúkọ rẹ̀ nìkan lòun máa ràn lọ́wọ́. A ní kò tọ́, kí ó ran awakọ̀ tó ń san owó ọkọ̀ lọ́wọ́ náà, nítorí awakọ̀ ló ń fa èéfín símú láti ìdájí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a kò gbé èrò. A to àwọn ọkọ̀ sílẹ̀, a sì fẹsẹ̀ rìn lọ fún ọ́fíìsì ìjọba ní ìwé ẹ̀hónú. Èmi ni mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wa lọ sínú rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ la fi ń pe awakọ̀ sí ìlà ní gáréèjì, Mùtíù mẹ́ta ló sì wà láàrin wa. Nítorí náà, mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Sálíù, tó dàgbà jù láàrin àwọn awakọ̀, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Akọ̀wé, ṣé o ò ní kọ iye eyín tó kù lẹ́nu mi mọ́ ọn?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó gba ìwé náà yìn mí pé ó pé pérépéré.

Àwa kọ́ ni ọ́fíìsì náà fèsì fún. Wọ́n fi nọ́ńbà wá àwọn ọlọ́kọ̀ kàn, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí wọn. Alhaja tó ni ọkọ̀ Mùtíù wá bá wa nílé ní Aboabo, lẹ́tà lọ́wọ́.

"Mùtíù, ta ló ní kí o fi ọkọ̀ mi bá ìjọba jà?"

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, oṣù márùn-ún ló kù."

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Mùtíù kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe àdéhùn pé ọkọ̀ náà yóò di tirẹ̀. Èmi tí mo ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, n kò kọ ìyẹn. Awakọ̀ mọ́kànlá ni wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Bàbá Sálíù wà nínú wọn, kò sì wakọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mùtíù, ó ní, "Ìyá Ràfíù, gbé oúnjẹ wá." Mo gbé e wá.

Ìrànwọ́ náà dé. Alhaja fi ra ọkọ̀ oníbátìrì méjì. Wọn kì í rú èéfín, mo sì máa ń wọ̀ wọ́n lọ sí Bantama. Mùtíù ń bá àwọn awakọ̀ mìíràn wa ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ara wọn kò bá yá. N kò sọ pé kí ìjọba má ṣèrànwọ́. Ohun tí a béèrè lọ́jọ́ Ajé yẹn ni wọn kò tíì dáhùn.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kọ ìwé mìíràn. Ẹ kọ orúkọ nìkan, ẹ má kọ nọ́ńbà ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí Mùtíù bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta.